Wá Ẹ̀rọ àti Ọ̀gá Kí O Tó Ra Fọ́ọ̀mù: Ọ̀nà Iṣẹ́ Físíìsì Ìṣègùn fún Ọmọ Abẹ́òkúta

Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ físíìsì ní FUNAAB wá bá mi nílé ní Ọbáńtokò. Ó to ìkéde ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin sórí tábìlì, gbogbo wọn fún oyè másítà nínú físíìsì ìṣègùn, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní medical physics. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, fọ́ọ̀mù èwo ni kí n rà?" Mo bi í pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èwo ló wà nítòsí ọsibítù tó ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ. Kò mọ̀. Mo bi í pé ta ni yóò kọ́ ọ níṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó bá débẹ̀. Kò mọ ìyẹn náà. Mo ní kó ṣì fi owó rẹ̀ sápò ná.

Ohun tí mo sọ fún un ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ kọ síbí. Àbúrò ni mò ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà "o" àti "ọ" ni n ó máa lò. Bí ẹ bá jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà

Onímọ̀ físíìsì ìṣègùn kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe ẹni tó ń ya X-ray. Òun ló ń rí i dájú pé ìwọ̀n ìtànṣán tí dókítà kọ sílẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ gbé jáde, pé ibi tí wọ́n fẹ́ kó bà ló bà, àti pé kò sí òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tó jókòó sí kọ́rídọ̀ tó gbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀ka mẹ́rin ló wà. Àkọ́kọ́ ni ìtọ́jú jẹjẹrẹ pẹ̀lú ìtànṣán, tí wọ́n ń pè ní radiotherapy. Ìkejì ni àwòrán inú ara: X-ray, CT, MRI, mammogram. Ìkẹta ni nuclear medicine, níbi tí aláìsàn ti ń gba oògùn tó ní ìtànṣán nínú. Ìkẹrin ni ètò ààbò, tó kan mẹ́ta yòókù pátápátá.

Ní 1895 ni Röntgen ṣàwárí X-ray ní Jámánì. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò níbí. Mo máa ń rán àwọn ọmọ wa létí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn kan ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé iṣẹ́ ọsibítù jẹ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú wa. Ó ti pẹ́ níbí. Àwọn tó ń wọn ìtànṣán fún un ni kò pọ̀.

Jẹ́ kí n fi nǹkan kan hàn ọ́, kí o lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ yìí bá ọ lára mu. Òṣùwọ̀n tí a fi ń wo ohun tí ẹ̀rọ radiotherapy ń gbé jáde kéré bí orí gègé. Inú rẹ̀ ṣófo, afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀, àyè inú rẹ̀ kò sì tó cubic centimetre kan: 0.6 péré ni. Bí ìtànṣán bá kọjá nínú afẹ́fẹ́ yẹn, iná díẹ̀ á jáde, iná yẹn ni a ń kà. Afẹ́fẹ́ sì máa ń fẹ̀ bí ooru bá mú. Bí yàrá bá gbóná, afẹ́fẹ́ tó kù nínú ihò yẹn á dín kù, ohun tí òṣùwọ̀n máa kà á sì kéré sí òótọ́. Iléeṣẹ́ tó ṣe òdiwọ̀n rẹ̀ lo 20°C àti ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ 101.325 kPa. Yàrá tìrẹ ńkọ́? Ká ní AC kò ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá, ooru wà ní 27°C, ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ sì jẹ́ 100.6 kPa. Wàá pín 300.2 sí ọ̀nà 293.2, wàá rí 1.0239. Wàá pín 101.325 sí ọ̀nà 100.6, wàá rí 1.0072. Sọ méjèèjì di púpọ̀, ó di 1.031.

Wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí o bá gbàgbé ìṣirò yìí, wàá rò pé ẹ̀rọ ń gbé ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún jáde dín sí bó ṣe yẹ. Wàá fi kún un. Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ẹni tó bá gun orí bẹ́ẹ̀dì yẹn á máa gba ìdá mẹ́ta lé sí ohun tí dókítà kọ, títí ẹlòmíràn á fi rí àṣìṣe rẹ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo àṣìṣe tí ayé fàyè gbà látìbẹ̀rẹ̀ títí dé ara aláìsàn. Ohun ìwọn ooru tí o kò wò ti jẹ èyí tó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀.

Bí o bá ka ìpínrọ̀ yìí tí ó wù ọ́ láti gbé kákúlétọ̀ kí o ṣe é fúnra rẹ, máa bá mi bọ̀. Bí ó bá sú ọ, kò burú. Físíìsì ní ẹ̀ka púpọ̀.

Fọwọ́ kan nǹkan níbí ná, kí o tó lọ síta

Bí o bá ṣì wà ní yunifásítì, má jẹ́ kí IT rẹ lọ lásán. Mo mọ àwọn tó lo oṣù mẹ́fà ní báǹkì, tí wọ́n ń to fáìlì. Gba lẹ́tà lọ́wọ́ olórí ẹ̀ka yín, gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń ya àwòrán ní Federal Medical Centre, Ìdí-Àbà, tàbí ọsibítù mìíràn tó ní ẹ̀rọ. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí o lọ, kí àwọn aláìsàn tó kún ibẹ̀. Kí gbogbo àgbà tí o bá bá níbẹ̀, látorí ẹni tó ń gbálẹ̀ dórí kọ́nsọ́tántì. Bí wọ́n bá gbà ọ́, má fi fóònù ya ohunkóhun tó ní orúkọ aláìsàn lára. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kó padà wọlé.

Ra ìwé kékeré kan, kọ ohun tí ojú rẹ rí sínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ NNRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán, ṣé ó wà lára ògiri? Iná pupa orí ilẹ̀kùn, ṣé ó ń tàn bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́? Aṣọ òjé, ṣé orí ìkọ́ ni wọ́n fi í kọ́ sí àbí wọ́n ká a? Bí wọ́n bá ń ká a, òjé inú rẹ̀ á sán, ìtànṣán á máa gba ibẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ojú kò ní rí i láti ìta. Báàjì tó ń wọn ìtànṣán, tí òṣìṣẹ́ fi sáyà, ìgbà wo ni wọ́n kó o lọ kà kẹ́yìn? Má bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí o bá rí. Béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o sì kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ àkànṣe ìparí ẹ̀kọ́, tí gbogbo wa ń pè ní project, Abẹ́òkúta ní ohun tí ìlú púpọ̀ kò ní: àpáta. Orí òkúta granite ni ìlú yìí wà, Olúmọ nìkan kọ́. Granite máa ń ní uranium, thorium àti potassium-40 nínú, ìtànṣán sì ń ti ara wọn jáde láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti wọn ìtànṣán kiri àdúgbò Abẹ́òkúta rí, wọ́n tilẹ̀ lo irú báàjì kan náà tí òṣìṣẹ́ ọsibítù ń fi sáyà. Bí olùkọ́ rẹ bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún ọ, má wò ó bí ohun tí kò kan ọsibítù. Bí a ṣe ń ṣe òdiwọ̀n òṣùwọ̀n, bí a ṣe ń ka nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ká tó gbà á gbọ́, bí a ṣe ń sọ bí àṣìṣe wa ṣe tó, ohun tí wàá máa ṣe lórí ẹ̀rọ jẹjẹrẹ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, lọ fojú ara rẹ rí radiotherapy. Ọ̀nà rẹ̀ kò jìn mọ́. Ọkọ̀ ojú irin ń gba Ládérìn kọjá láti 2021. Bí o bá wọ èyí tó ń lọ Ìbàdàn, Mọ́níyà ni wàá sọ̀, wàá gba Òjòó kọjá sí Yunifásítì Ìbàdàn, wàá sì tẹ̀ síwájú lọ sí UCH. Bí o bá wọ ti Èkó, Ẹ̀bútè-Mẹ́ta ni wàá sọ̀, Ìdí-Àràbà kò sì jìn síbẹ̀. Ibẹ̀ ni LUTH wà, pẹ̀lú NSIA-LUTH Cancer Centre tó ṣí ní 2019. Kọ lẹ́tà ṣáájú, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kan péré ni kí o tọrọ, kí o ní ìbéèrè mẹ́ta tó mọ́gbọ́n dání lọ́wọ́. Ẹni tó bá lọ báyìí, tó sì kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọn kì í gbàgbé rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó wà ní orí rẹ

Mi ò ní fa èyí gùn. Nuclear physics, ìṣirò, electronics àti statistics ni kí o di mú. Gbìyànjú kó jẹ́ two-one ló kéré tán, torí ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ owó kì í wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí àwa ọmọ físíìsì kì í ní ni ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara: bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ibi tí ẹ̀dọ̀fóró parí sí, ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn gbà, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọmọ. Kọ́ Python pẹ̀lú, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Orí kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán lo ti lè fi 3D Slicer, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, ṣí àwòrán CT, kí o sì máa fi ọwọ́ ara rẹ yí kíndìnrín ká títí ojú rẹ á fi mọ̀ ọ́n.

Ìwé kì í ṣe ìṣòro. IAEA, àjọ àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì tó wà ní Vienna, gbé ìwé ńlá kan jáde ní 2005 fún ẹ̀kọ́ físíìsì radiotherapy, wọ́n sì tún ṣe ti àwòrán ara àti ti nuclear medicine lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní, orí kan lọ́sẹ̀ kan.

Yíyan ilé-ẹ̀kọ́

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ní 2013, IAEA kọ ohun tó yẹ kí ẹni tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ lé lọ́wọ́ ní ọsibítù ní. Mẹ́ta ni: oyè àkọ́kọ́ nínú físíìsì tàbí ohun tó jọ ọ́, oyè gíga nínú físíìsì ìṣègùn, lẹ́yìn náà, ó kéré tán ọdún méjì iṣẹ́ ọsibítù lábẹ́ ọ̀gá tó ti yege. Gbogbo wa ń sáré lé ìkejì. Ìkẹta ló ń sọ èèyàn di onímọ̀ físíìsì ìṣègùn.

Ìyá mi ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú. Ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, kò sí ìwé tí wọ́n máa fún un kà tó máa jẹ́ kó mọ̀ pé aró ti ṣe tán. Wọ́n á ní kó rọ̀gbà yí ìkòkò ká, kó gbóòórùn rẹ̀, kó ti aṣọ bọ̀ ọ́, kó bà á jẹ́, kó tún ti òmíràn bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tiwa. Mo lo ọdún kan gbáko fún másítà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ẹ̀rọ ọsibítù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan ṣoṣo ní gbogbo àkókò tí mo fi wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ mi gbìyànjú. Mo ṣe ìwádìí mi pẹ̀lú nọ́ńbà tí ẹlòmíràn kà, mo sì gba máàkì tó dára. Nígbà tí mo dé ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, bàbá àgbà kan gbé òṣùwọ̀n kékeré tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yẹn sí iwájú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, fi sí àyè rẹ̀ nínú omi ká rí i." Mi ò tíì fọwọ́ kàn án rí. Ó dùn mí ju kí wọ́n ní mo kùnà ìdánwò lọ.

Nítorí náà, kí o tó san kọ́bọ̀, kọ̀wé sí olórí ẹ̀kọ́ náà, kí o sì wá akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ti ṣe é kọjá. Ẹ̀rọ wo ló ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù yín lónìí? Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà níbẹ̀? Ta ló ń kọ́ wọn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀ àbí ó ti bá tirẹ̀ lọ sókè òkun? Àwọn tó parí lọ́dún tó kọjá, ibo ni wọ́n wà báyìí? Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá bínú sí irú ìbéèrè yìí ti dá ọ lóhùn.

Nílé, Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni ní físíìsì ìtànṣán tipẹ́, inú ọgbà wọn sì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ààbò ìtànṣán ti NNRA wà. Ní Èkó, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn UNILAG fara kan LUTH ní Ìdí-Àràbà. Bí o bá fẹ́ jáde díẹ̀, Ghana wà nítòsí: ilé-ẹ̀kọ́ SNAS ti University of Ghana, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006 pẹ̀lú àjọ atomic wọn, ń fún ni ní MPhil, oyè másítà tó ní ìwádìí nínú, nínú físíìsì ìṣègùn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò lówó ni ti ICTP, ilé ìwádìí físíìsì àgbáyé tó wà ní Trieste, nílẹ̀ Ítálì. Òun àti yunifásítì ìlú náà bẹ̀rẹ̀ másítà yìí ní 2014. Ọdún kìíní, inú kíláàsì; ọdún kejì, ọsibítù ní Ítálì, lábẹ́ ọ̀gá. Àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, ìrànwọ́ owó sì wà. Ìdíje rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fún ọ ni ìkẹta tí mo ń wí yẹn.

Bí o bá ń wo Amẹ́ríkà, orúkọ CAMPEP, àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ físíìsì ìṣègùn, ni kí o kọ́kọ́ wá lára ilé-ẹ̀kọ́ náà. Láti 2014, ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí ABR, ìgbìmọ̀ tó ń dán àwọn oníṣẹ́ yìí wò níbẹ̀, gbọ́dọ̀ ti ṣe residency (ìkọ́ṣẹ́ nínú ọsibítù) tí CAMPEP fọwọ́ sí, ọdún méjì ni residency náà sábà máa ń gbà, àyè rẹ̀ kò sì tó àwọn tó ń wá a. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, STP, ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú ọsibítù wọn, jẹ́ ọdún mẹ́ta, owó oṣù wà níbẹ̀, másítà wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ HCPC, àjọ tó ń forúkọ òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀. Másítà lásán ní yunifásítì wọn kì í ṣe STP. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ná owó ilẹ̀ bàbá wọn kí wọ́n tó mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ẹ̀yin àbúrò mi obìnrin, IAEA ní ètò kan tí wọ́n fi orúkọ Marie Skłodowska-Curie sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, obìnrin tó ń ṣe másítà nínú ẹ̀kọ́ tó jẹ mọ́ nuclear nìkan ni wọ́n ń fún, físíìsì ìṣègùn sì wà nínú rẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ àti owó oúnjẹ ló ń bá ni gbé. Ẹ má jẹ́ kó kọjá yín.

Ìwé tó máa ń dá èèyàn dúró

Transcript ni olórí wọn. Béèrè fún un ní ọ̀sẹ̀ tí èsì rẹ bá jáde, má dúró de ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè bá béèrè. Orúkọ rẹ gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí gbogbo ìwé: bí WAEC bá pè ọ́ ní Adébọ̀wálé, tí páspọ́ọ̀tù pè ọ́ ní Bọ̀wálé, ilé ẹjọ́ ni wàá gbà lọ kọ́kọ́ búra. Parí ìsìnrú ìlú rẹ, kí o sì pa ìwé-ẹ̀rí NYSC mọ́, torí àwọn yunifásítì ilé máa béèrè rẹ̀.

Ní ti lẹ́tà olùkọ́, má kàn fi ímeèlì ránṣẹ́ sí wọn lóru. Lọ bá wọn ní ọ́fíìsì lójúmọmọ, kí o mú ojú ìwé kan dání tí o kọ project rẹ, máàkì rẹ, àti ohun tí o fẹ́ lọ kọ́ sí. Olùkọ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún kò lè rántí gbogbo rẹ̀, ìwọ lo máa ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè kọ ohun tó ní ìtumọ̀ nípa rẹ.

Ìwé tí o máa fi ṣàlàyé ara rẹ, Gẹ̀ẹ́sì ni wàá fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ro ó ní Yorùbá kí o lè sọ òótọ́. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pé "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ ran aráyé lọ́wọ́", wọ́n ti ka irú rẹ̀ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún. Kọ ọ́ pé o gbé òṣùwọ̀n gun ẹsẹ̀ Olúmọ, pé ohun tí o kà ní ọ̀sán yàtọ̀ sí ti àárọ̀, àti bí o ṣe wá ìdí rẹ̀ rí. Ìpínrọ̀ kan bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí ẹni tó ń kà á dúró, kó sì tún un kà.

Lẹ́yìn oyè

Mi ò ní tàn ọ́: ọsibítù tó ní ẹ̀rọ radiotherapy kò pọ̀ ní Nàìjíríà, iṣẹ́ sì lè pẹ́ kó tó yọjú. Nígbà tí o bá ń dúró, iṣẹ́ ààbò ìtànṣán wà ní ọsibítù tó ní X-ray, ní iléeṣẹ́ epo tó ń fi ìtànṣán wo ojú ìsopọ̀ páìpù, ní NNRA fúnra rẹ̀, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ. Forúkọ sílẹ̀ nínú NAMP, ẹgbẹ́ àwa onímọ̀ físíìsì ìṣègùn ní Nàìjíríà, láti ìgbà tí o bá ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ keje oṣù kọkànlá, ọjọ́ ìbí Marie Curie, ni ọjọ́ wa lágbàáyé. Ọ̀gá tí o ń wá ní oṣù mẹ́fà, o lè pàdé rẹ̀ níbi ìpàdé ọjọ́ kan yẹn.

Fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, jẹ́ kí àwọn ìpìlẹ̀ wà ní ètè rẹ. Cobalt-60, tó ń tú ìtànṣán jáde nínú àwọn ẹ̀rọ radiotherapy kan, máa ń dín sí ìdajì ní ọdún 5.27, ìtọ́jú tó gba ìṣẹ́jú méjì nígbà tó wà ní tuntun á gba mẹ́rin. Technetium-99m, tí wọ́n ń lò nínú nuclear medicine, máa ń dín sí ìdajì ní wákàtí mẹ́fà: 100 ní aago mẹ́jọ àárọ̀, 50 ní aago méjì ọ̀sán. Òṣìṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju 20 mSv (millisievert, ìwọ̀n ìtànṣán tó ba ara) lọ́dún lọ bí a bá pín ọdún márùn-ún dọ́gba, ará ìlú kò gbọ́dọ̀ ju 1 lọ, láìka ti inú àpáta àti ti ìtọ́jú ara rẹ̀ mọ́ ọn. Bí o bá kúrò ní mítà kan sí mítà méjì, ìtànṣán tó ń bà ọ́ á ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọ́n máa bi ọ́ ní "kí ló dé" lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nítorí náà má há a sórí lásán.

Nígbà tí wọ́n bá wá gbà ọ́ sí ọsibítù, ọjọ́ kìíní ni kí o ṣí ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́. IAEA ti to ohun tó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ radiotherapy mọ̀ ọ́n ṣe sínú ìwé kan tó jáde ní 2009. Fi í ṣe àtẹ rẹ, kí o máa fàmì sí i níkọ̀ọ̀kan. Kọ ọjọ́, ẹ̀rọ, ohun tí o wọ̀n, nọ́ńbà tí o rí, àti ohun tí o ṣe sí i. Kí ọ̀gá rẹ fọwọ́ sí i ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Má jẹ́ kó di oṣù kan, torí ọ̀gá lè gbéra ìrìn-àjò, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè jẹ́rìí sí ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe lójú rẹ̀.